Ọlọ́kadà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gbé

Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ jẹun fún ọdún mẹ́sàn-án. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ kankan ju kó tẹ jíà, kó tẹ bíréèkì. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ tó kọjú sí ilé rẹ̀, ọ̀kadà ni yóò gùn lọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé ìwẹ̀ wọn bá fi lè jìnnà díẹ̀ sí i, ọkọ òun yóò máa gun ọ̀kadà lọ wẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fẹ́ di ọlọ́pàá. Àwọn olè já ọ̀kadà gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níṣojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró bí igi, kò lè ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀kíní, wọn kò dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kó wá sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á wọlé, yóò sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹjọ kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Ọdún yẹn gan-an ni òpin ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà. Bó bá kùnà, kò tún sí ìgbà mìíràn.

Ó lọ bá Bàbá Sájẹ́ǹtì, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ dúró lórí ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Gbé ọ̀kadà rẹ tì," ni bàbá wí. "Láràárọ̀, sáré láti ibí dé afárá odò, kó o sì sáré padà. Má fo ọjọ́ kan. Bó o bá dé, wá kí mi."

Ó ra bàtà kánfáàsì tuntun, ó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ìlú náà sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Ọlọ́kadà kì í rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn kó kọjá lára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni yóò gbé e, ibi yòówù tó ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbé tó kọ̀, ìjà ló ń wá. Wọ́n á ní ó ti ń gbéra ga, tàbí pé ó ń bá wọn yodì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kò tíì sáré kọjá mọ́ṣáláṣí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi dúró tì í.

"Ọmọ ìyá mi, kí ló ṣe máṣíìnì rẹ? Gùn, jàre!"

Ó ní eré lòun ń sá, kára òun lè le.

"Èmi wà láyé, o wá ń fẹsẹ̀ sáré? Gùn!"

Ó gùn ún, kó má baà dìjà. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn tún dúró. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ti ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Mo dé afárá, sà." Kò purọ́. Ó dé afárá lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bàbá ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ wá. Ó yí i dà, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Eyín abẹ́ bàtà yìí pé ju tẹnu mi lọ," ni bàbá wí. "Ta ló ń gbé ọ lọ sí afárá?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó jẹ́wọ́. Bàbá kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó kàn sáré dé ìdí máńgòrò ìpẹ̀kun àdúgbò kó padà wá. Ó lọ, ó padà. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Lọ́jọ́ tó o bá dórí pápá," ni bàbá bi í, "ta ni yóò gbé ọ?"

Ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí gáréèjì níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ràn mi kó má gbé mi mọ́."

Ariwo sọ. Alága wọn ní, "Ká rí ọ lórí ìrìn, ká wá kọjá lọ? Kí ni ìlú á wí sí wa?"

"Alága, a kì í bá ni tan ká fani nítan ya. Itan yìí ni mo fẹ́ fi wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìfẹ́ yín ti fẹ́ fà á ya."

Alága ronú díẹ̀.

"Ó dáa. A ò ní gbé ọ. Ṣùgbọ́n a ò ní kọjá lásán. Ẹni tó bá rí ọ tí ò ń rìn, fèrè ọ̀kadà rẹ̀ ló máa fọn sí ọ nídìí títí wàá fi sáré."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bó bá fẹ́ sinmi lábẹ́ igi, fèrè. Bó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ gòkè, fèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìyàwó rẹ̀ ń fi òrí pa á. Òjò pa á, kò dúró. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré dé afárá, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré padà. Nígbà tí àkókò ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ fún bàbá láìjẹ́ pé bàbá béèrè. Bàbá gbé e sókè, ó rí oòrùn láti inú ihò abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá wí. "Máa lọ."

Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tó yí pápá dé ẹ̀ẹ̀keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Àwọn mìíràn ti jókòó sórí koríko. Ó ń rò ó pé kí òun rìn díẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀. Ìgbà náà ni ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó ń kọjá lẹ́yìn ọgbà, fọn fèrè sí ewúrẹ́ tó dábùú ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ kò tíì pinnu nǹkan kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mú eré. Ó parí ìyípo kẹjọ, àkókò ṣì kù. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwọ tí mò ń ṣàkàwé yìí fún, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló ń gbààwẹ̀ sí ìdánwò tí o kò kàwé fún. Ìyàwó rẹ ló ń lọ bẹ ẹni tí ìwọ ṣẹ̀. O ń dé afárá, mi ò bá ọ jiyàn. Àwọn tó ń gbé ọ kì í ṣe ọ̀tá rẹ, ìfẹ́ ni. Bọ́ bàtà rẹ, kó o wo abẹ́ rẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá ṣì pé, sọ̀ kalẹ̀ lónìí, kó o sì bẹ àwọn tó fẹ́ràn rẹ pé fèrè ni kí wọ́n máa fọn.