Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Forí Kanrí Lọ́nà

Nígbà láéláé, kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun èmi ìyá àgbà yín, ìbàdí èèrà ki pọ́pọ́. Èèrà méjì sì lè pàdé lọ́nà kí wọ́n má kí ara wọn.

Èèrà kan ṣoṣo ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo ilé. Ìdẹ̀ra lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ọmọ náà kò mọ adùn orúkọ rẹ̀. Ìyá Èèrà, tó bí gbogbo wọn, ló ṣòfin fún un: "Ìwọ nìkan ni kó o máa jẹ́ iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu méjì kọjá ti dirọ́."

Hùn! Èèrà kì í sì í jókòó síbì kan. Bí Ìdẹ̀ra bá wá wọn lọ sídìí ọsàn, wọ́n ti wà lẹ́yìn àkìtàn. Bó bá dé ẹ̀yìn àkìtàn, wọ́n ti kúrò. Ebi ń pa á, ó ń fi ọ̀já di inú, ó sì ń fún un sí i lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú dùdù. Ìyá Èèrà kígbe, "Ìdẹ̀ra, sáré! Pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wálé, kí wọ́n wá kó ẹyin kí àgbàrá tó gbé e lọ!"

Ìdẹ̀ra sáré títí, kò rí wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọṣẹ́, ó ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà. Èèrà arúgbó kan tó gbé èérún gààrí bá a níbẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Sọ ọ́ fún mi, kí n bá ọ jẹ́ ẹ."

"Ìyá ní èmi nìkan ni kí n máa jẹ́ ẹ."

"Òjò yìí ni, àbí? Ta lo máa wá jẹ́ ẹ fún nígbà tí omi bá gbé gbogbo wa lọ?"

Ìdẹ̀ra bú sẹ́kún. Ó forí kan orí arúgbó, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Arúgbó náà kò mọ ibi tí àwọn tó kù wà. Ẹnì kan ṣáá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ó padà lọ forí kan onítọ̀hún, onítọ̀hún náà forí kan ẹni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí gbogbo wọn fi délé. Kí òjò tó dé, wọ́n ti kó ẹyin gòkè.

"Ta ló jẹ́ iṣẹ́ mi?" Ìyá Èèrà bi wọ́n.

"Gbogbo wa ni."

"Ẹ kò sì bù mọ́ ọ̀rọ̀ mi?"

"Rárá o, Ìyá."

Ojú ti Ìyá Èèrà.

Wọ́n lọ gbé Ìdẹ̀ra wálé. Wọ́n fẹ́ tú ọ̀já rẹ̀, kókó náà kọ̀, kò tú. Ó ti sùn lọ fọnfọn. Àwọn tó kù bá sán ọ̀já tiwọn náà, wọ́n fún un dáadáa, nítorí gbogbo wọn ti di òjíṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbàdí èèrà ti rí tín-ín-rín. Bí wọ́n bá sì pàdé, bó ti wù kí ẹrù wúwo tó, wọ́n á forí kanrí kí wọ́n tó kọjá. Ẹ wò wọ́n lára ògiri yẹn. Ó ń rẹ̀ wọ́n o, àmọ́ kò rẹ ẹnì kan ju ẹnì kan lọ mọ́.