Ìyálájé Náà Ṣe Àmín

Ẹ wá gbọ́ o: owó iléèwé ọmọ Fẹ́hìntọ́lá onídìrí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyálájé Ọmọ́tádé, yá lọ́wọ́ rẹ̀ láìkọ ìwé. Nígbà tí àsìkò àtisan tó, tí Fẹ́hìntọ́lá béèrè owó rẹ̀, Ìyálájé ní, "Mú ìwé wá, àbí kí o panu mọ́!" Ní ìjọ wọn, ẹni tí a bá torí rẹ̀ dúpẹ́ á kúnlẹ̀ gba àdúrà, á sì fọwọ́ sí ìwé ìdúpẹ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí pásítọ̀ ṣe dárúkọ Ìyálájé, ó ti jó jáde, ó ti kúnlẹ̀. Pásítọ̀ ka ìwé ìdúpẹ́ náà lọ: "Fẹ́hìntọ́lá dúpẹ́ fún ọ̀rẹ́ olóòótọ́ tó yá ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ òun, tí yóò san án kí iléèwé tó wọlé." Ìjọ hó, "Halelúyà!" Ta ni yóò jiyàn lórí eékún? Ó fọwọ́ sí i. Fẹ́hìntọ́lá gba ìwé, ó rẹ́rìn-ín: "Ọ̀rẹ́ mi, ìwé tí o ní kí n mú wá rèé. Olúwa á jẹ́ kó rọrùn láti san!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín, Ìyálájé náà ṣe é.