Ààbọ̀ Àṣá

Bàbá Láṣebìkan kò fẹ́ ohun tí kò bá pé. Bí wọ́n bá bu ẹja tí kò lórí fún un, á ní kí wọ́n lọ wá orí ẹja òun wá.

Òun ló ní kí Fadérera, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán lọ́wọ́ ará Ṣáínà kan, ya àṣá tí òun máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Fadérera ti búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà, ó fà á fìrí lórí bébà: apá kan, àgógó, ojú kan. Ó ya òdòdó pupa sísàlẹ̀, ó ní ó parí.

"Ìyókù ẹyẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi."

"Ọ̀rọ̀ ni wọ́n wí, wọn ò dárúkọ ẹyẹ mọ́ ọn."

Bàbá fi ìbínú gbé àwòrán náà jáde, ó nà án sókè kí àwọn ará àdúgbò lè wá bá a dá ẹjọ́. Abiyamọ adìẹ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó figbe ta, ó kó gbogbo ọmọ rẹ̀, ó di abẹ́ jálàbíà Bàbá. Bàbá ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́.

Fadérera ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ó ti dé inú adìẹ, Bàbá, ó ti di odidi. Ẹ̀yin la ṣì ń dúró dè."