Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Tètègbọ́

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn, ó rìn, kò yà sílé ọba, kò yà sílé olówó. Ilé obìnrin ahunagbọ̀n kan ló yà sí, ó sì jókòó ti ehoro."

"Kí ló rí níbẹ̀, Ìyá Àgbà?"

"Ẹ sún mọ́ mi, ẹ ó gbọ́."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Agbọ̀n ló ń hun tà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku òun àti Láníhùn ọkọ rẹ̀ nínú ilé.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sun igbó, Àwẹ̀ró rí ọmọ ehoro kan tí iná lé jáde. Ó gbé e wálé, ó sọ ọ́ ní Tètègbọ́, nítorí etí rẹ̀ méjì tó gùn gbọọrọ.

Ó fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ! Ó la ọparun wẹ́wẹ́, ó fi hun ilé fún un. Ó fi àlàfo sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ilé náà kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́, kò sì tẹ́ nǹkan kan lé e. Láàárọ̀, iṣu sísè. Lọ́sàn-án, àkàrà. Lálẹ́, ẹ̀kọ. Kò sì jẹ́ kó jáde, kí àṣá má baà gbé e.

"Ìyá Àgbà, ó wu èmi náà kí n jẹ́ ehoro rẹ̀!" ni Akíntáyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, wí.

"Dúró ná, kí o gbọ́ ọ tán."

Tètègbọ́ sanra, ó sanra, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà tó yá, kò fò mọ́. Ojú kan ló ń jókòó sí. Á gbé ara síhìn-ín, á gbé ara sọ́hùn-ún, bí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀gún.

"Tètègbọ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, ìyá mi."

"Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá o."

"Ṣé orí ni?"

"Rárá o."

"Kí wá ni?"

"Kò sí nǹkan, ìyá mi."

Láníhùn ní, "Ọ̀lẹ ló ya. Bí ọdún iṣu bá dé tí kò tíì dìde rìn, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ."

"Háà!" ni àwọn ọmọ kígbe.

Ọ̀rọ̀ náà ń ṣe Àwẹ̀ró ní kàyéfì. Ó kíyè sí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni Tètègbọ́ ń rọra gbé sókè. Ló bá tọ Ewúrẹ́ lọ.

"Ewúrẹ́, orí òkúta lo ń dúró sí látàárọ̀ dalẹ́. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ kì í dùn ọ́?"

"Ẹ wo pátákò mi," ni Ewúrẹ́ wí. "Ó le bí igi."

"Ajá, ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Awọ tó nípọn ló wà níbẹ̀, bíi tìmùtìmù."

"Ehoro ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀?"

Ewúrẹ́ wo Ajá. Ajá wo Ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó tíì rí i rí nínú wọn.

"Kí ló wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà?" ni Ìbídùn béèrè.

"Ohun tí Àwẹ̀ró náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é."

Tètègbọ́, na ẹsẹ̀ kí n wò ó,
*Jàn-án-jàlà.*
Ilé tí mo kọ́, ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn?
*Jàn-án-jàlà.*
Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn, sọ ọ́ fún mi,
*Jàn-án-jàlà.*

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Tètègbọ́ ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Tètègbọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ẹsẹ̀.

Kò sí pátákò níbẹ̀. Kò sí awọ tó nípọn. Irun nìkan ni Ọlọ́run fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ehoro, irun náà sì ti re tán. Gìgísẹ̀ méjèèjì pupa bí ata, ọ̀kan ti degbò.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Ilẹ̀ ni Tètègbọ́ ń wò. Àwẹ̀ró náà wo ilẹ̀ ọparun tó hun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ọparun gé e lọ́wọ́. Ìtọ̀ ti mú kí ibẹ̀ tutù rinrin.

"Èmi ni mo hun ún," ló wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ìyá mi, nínú igbó, èyí tó bá ń tiro nínú wa ni ẹtà ń kọ́kọ́ gbé. Ìyá tó bí mi kọ́ wa kí á máa fi ìrora pa mọ́. Ara mi kò tíì mọ̀ pé mo ti kúrò nínú igbó."

Nígbà tí Láníhùn gbọ́, ó ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó rán bàtà awọ kékeré méjì fún Tètègbọ́. Ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ náà rin, ó ń rùn! Kíá ni wọ́n bọ́ bàtà dà nù.

Àwẹ̀ró wá lọ bá Òkété lẹ́nu ihò, ó sọ ohun tó ń ṣe Tètègbọ́ àti oúnjẹ tó ń jẹ fún un. "Orí kí lo ń sùn?"

"Orí koríko gbígbẹ. Bó bá ti tutù, mo kó o jáde, mo kó òmíràn wọlé. Kí ẹ sì gbé àkàrà kúrò níwájú ọmọ yẹn! Ẹrù ti pọ̀ jù lórí ẹsẹ̀ kékeré."

Àwẹ̀ró sáré délé. Ó gbé pátákó lé ọparun, ó tẹ́ koríko gbígbẹ lé e, ó nípọn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ egbò náà, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ó rọra fi oyin pa á. Ó gé èékánná rẹ̀, nítorí ó ti gùn débi pé gìgísẹ̀ ló ń gbé gbogbo ara. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó tì í lábẹ́ igi, kó lè rìn lórí ilẹ̀ rírọ̀ níṣojú rẹ̀.

"Àkàrà mi ńkọ́?" ni Tètègbọ́ ń béèrè.

"Koríko nìyí."

"Ìyá mi, àkàrà mi ńkọ́?"

"Ewé nìyí!"

Ọjọ́ keje, egbò náà ṣì pupa. Ọjọ́ kẹrìnlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó lé lóṣù kan kí irun tó hù.

Àárọ̀ ọdún iṣu, Láníhùn mú ọ̀bẹ, ó ń bọ̀. Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un. Ni Tètègbọ́ bá fò kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró níwájú Láníhùn, ó na ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Irun tuntun ti bo gìgísẹ̀ kan. Èkejì ṣì pá díẹ̀, ibẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Láníhùn tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwẹ̀ró gbọ́ ìró ọ̀bẹ, ṣàwà, ṣàwà.

Nígbà tó padà dé, ẹrù koríko gbígbẹ ló gbé mọ́ àyà.

"Ti àná ti tutù," ló wí, ó sì kúnlẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ.

"Ìyá Àgbà," ni Ìbídùn wí, "bí egbò náà bá wá ń wú sí i ńkọ́?"

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń sìn ehoro, kó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, torí kò ní sọ. Kó tẹ́ ibi rírọ̀ tó gbẹ fún un, kó má bọ́ ọ ní àbọ́jù. Bí ẹnì kan nínú ilé bá sì ń wí pé kò sí nǹkan, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ tún bi í léèrè."

Àlọ́ mi ti dé ilé, ó ti wọlé sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ nu ẹsẹ̀ kí ẹ tó gun ẹní mi.