Ìdí Tí Ìrẹ̀ Fi Ń Ké Nínú Ihò, Tí Ó Sì Ń Dákẹ́ Bí A Bá Débẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ké, àwọn ẹranko ní kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òjìjí inú odò ló ń fún wọn níná, iná náà kì í sì í lọ bíi tiwa yìí.

Màmá Òkété ni ọ̀gá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà yẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ká kàn máa tẹ lẹ́tà ló ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìkànnì fún ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń kọ́ wọn, irú ìkànnì tí gbogbo ìlú lè máa béèrè nǹkan lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì ní dàrú.

Ìrẹ̀ ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ àgbà. Alágẹmọ ló wọlé tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tó fi ń pe Ìrẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n.

Ihò tí Màmá Òkété ń gbé gan-an ló fi ń kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan, ó mú àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ihò náà.

"Ibi tí a wà yìí ni ojú ìkànnì," ó ní. "Ibí ni oníbàárà ń rí. Inú lọ́hùn-ún ni ẹ̀yìn ìkànnì. Oníbàárà kankan ò gbọ́dọ̀ débẹ̀."

Ó mú wọn wọlé, ó sì fi ọwọ́ gbá ara ògiri.

"Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ gbogbo èyí. Àwọn ìyá ìyá mi ló ti gbẹ́ ọ̀nà àti òpó rẹ̀ sílẹ̀, èmi kàn fi yàrá tèmi kún un ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìkànnì, ẹ gba òpó tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti nà ró, kí ẹ máa mọ yàrá tiyín sí i."

Lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà hàn wọ́n. Ìbéèrè á wọlé. Olùṣọ́ á bi í pé, ta ni ẹni tó rán ọ? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, olùṣọ́ á darí rẹ̀ sí yàrá tó mọ iṣẹ́ náà. Yàrá yẹn nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí àká tí ohun tí wọ́n béèrè wà. Èsì á wá gba ẹnu ọ̀nà padà sọ́dọ̀ oníbàárà.

"Màmá, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ẹ̀yìn ńkọ́?" Ìrẹ̀ ló béèrè. Ọmọ tó ń ronú ni.

"Ẹ ní kí oníbàárà ṣe sùúrù, ó parí. Ohun tó bàjẹ́ gan-an, èmi ni kí ẹ wá sọ ọ́ fún. Oníbàárà ò gbọ́dọ̀ mọ yàrá tí ẹ gbà, kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá Erin wá. Òun ló ni Àká Gbogbogbò, níbi tí gbogbo ẹranko ń kó oúnjẹ wọn pamọ́ sí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tò síwájú àká, tí wọ́n ń tira wọn, tí wọ́n ń bú ara wọn. Ìgbín tó bá jáde nílé láàárọ̀, ó dìgbà tí wọ́n bá ti ń ti ilẹ̀kùn kó tó dé. Erin ní òun fẹ́ ìkànnì, kí oníkálukú máa béèrè oúnjẹ rẹ̀ láti ilé, kí àwọn èèrà sì máa gbé e lọ bá a.

"Ohun kan tún wà," ni Erin wí. "Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá ń gba fúrídọ̀mù, màá pe orúkọ ẹnì kan nínú wọn lójú gbogbo ìlú. Ẹni náà ló máa jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní àká mi."

Ọkàn Ìrẹ̀ fò sókè. Ẹ ronú rẹ̀ wò. Ó kéré, ó dúdú, abẹ́ koríko ló ń gbé. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ẹnikẹ́ni ò tíì pe orúkọ rẹ̀ lójú àwùjọ rí. Ó fẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo ojú sì yí sí i.

Màmá Òkété pín iṣẹ́ fún wọn. Alágẹmọ tó mọ àwọ̀ dáadáa ló gba ojú ìkànnì. Ìrẹ̀ ló gba ẹ̀yìn.

Ìrẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó na òpó rẹ̀ ró, ó fi olùṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe yàrá àgbàdo, ó ṣe yàrá ẹ̀pà, ó ṣe yàrá iṣu. Bí gbogbo ìlú bá béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tí oúnjẹ rẹ̀ máa lọ sílé ẹlòmíràn. Alágẹmọ ní tirẹ̀ kun ojú ìkànnì ní àwọ̀ ewé tútù. Tí oòrùn bá ń wọ̀, ojú ìkànnì náà á pọ́n bí ọ̀run ṣe pọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ariwo ayọ̀ gba ìlú kan.

"Alágẹmọ, o ṣeun o!" ni Ìgbín wí látinú ilé rẹ̀. "Mo béèrè iṣu, iṣu wá bá mi nílé!"

"Alágẹmọ, ọwọ́ rẹ mà dáa o!" ni Àdàbà náà wí.

Alágẹmọ ò gbé e pamọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi Ìrẹ̀ ló ṣe ti inú o. Àwọ̀ nìkan ni tèmi."

"Inú wo?" ni Àdàbà dá a lóhùn. "Èyí tí a rí là ń sọ."

Ìrẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti yin Alágẹmọ, oúnjẹ ò ní wọ ọ̀fun Ìrẹ̀ mọ́. Bí Alágẹmọ bá kí i, á kàn mi orí. Kódà bí Alágẹmọ ṣe ń rìn ń bí i nínú, nítorí láyé ìgbà náà, Alágẹmọ máa ń yára rìn bí ọmọge tó ń lọ síbi ìgbéyàwó.

"Iṣu tí Ìgbín jẹ, ta ló gbé e fún un?" Ìrẹ̀ ń dá sọ̀rọ̀. "Ṣé àwọ̀ ewé ló gbé e? Èmi tí mo ṣe ọ̀nà, èmi tí mo ṣe yàrá, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ẹni tó kun ojú ilé ni wọ́n ń yìn! Ṣé òun náà ni wọ́n tún máa pè lọ́jọ́ fúrídọ̀mù yẹn? Rárá o. Wọ́n á gbọ́ orúkọ tèmi náà."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí Màmá Òkété ní kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ṣe é kí ohùn òun máa bá gbogbo èsì jáde. Nígbà tí Àdàbà tún béèrè àgbàdo, ohùn kan ké látinú kọ̀ǹpútà rẹ̀:

"Èmi Ìrẹ̀ ni! Èmi ni! Mo gba yàrá àgbàdo wọlé, mo ní 'ìrì òwúrọ̀', ilẹ̀kùn ṣí, èèrà gbé e!"

Ẹ̀rín pa Àdàbà. "Àṣé Ìrẹ̀ wà níbẹ̀!"

Ìlú gba orúkọ náà sẹ́nu. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ kiri àdúgbò, "Èmi Ìrẹ̀ ni! Èmi ni!" Ìrẹ̀ jẹun lọ́jọ́ náà, ó yó. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí Alágẹmọ.

Ṣùgbọ́n Àáyá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jókòó sórí igi, ó béèrè àgbàdo kan, ó tẹ́tí. Ó tún béèrè òmíràn, ó tún tẹ́tí. Ó mọ yàrá. Ó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan sì ni àwọn èèrà ń dúró dè kí wọ́n tó gbẹ́rù.

Ọjọ́ fúrídọ̀mù pé. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, gbogbo ẹranko ti ro oko wọn sílẹ̀, irúgbìn àgbàdo tó wà nínú àká ni wọ́n ń retí. Gbogbo wọn pé síwájú àká. Ìrẹ̀ àti Alágẹmọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Òkété, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó ṣàdúrà fún wọn. Bàbá Erin dìde, kọ́kọ́rọ́ àká wà ní ọwọ́jà rẹ̀.

Kó tó la ẹnu ni àwọn èèrà sáré dé.

"Bàbá, irúgbìn àgbàdo ti tán! Hóró kan ò kù!"

Igbe ta. Erin bi wọ́n pé, "Ta ló ní kí ẹ gbé e?"

"Láti ẹ̀yìn ìkànnì ni àṣẹ ti wá, Bàbá. Wọ́n dárúkọ yàrá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. A gbé e lọ sídìí igi ńlá létí odò. Nígbà tí a padà débẹ̀, èèpo nìkan la bá."

Gbogbo ojú yí sí àwọn ọmọṣẹ́ méjèèjì.

"Alágẹmọ ni!" ni Àáyá pariwo láàárín èrò. "Ẹni tó ń yí àwọ̀ pa dà, ta ló mọ inú rẹ̀?"

"Òótọ́ ni! Alágẹmọ ni!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í síwá sẹ́yìn. Alágẹmọ ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀.

Ìrẹ̀ mọ òótọ́. Ó ti yé e látìgbà tí àwọn èèrà ti ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, bí wọ́n bá lé Alágẹmọ, ta ni Erin máa wá pè? Ó panu mọ́. Owú burú o, ẹ̀yin ọmọ.

"Ẹ dúró ná," ni Màmá Òkété wí. "Ẹ jẹ́ kí n wo ìkànnì náà fúnra mi." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó béèrè àgbàdo.

Ohùn náà ké, ó sì dún dé ẹ̀yìn àwùjọ: "Èmi Ìrẹ̀ ni! Èmi ni! Mo gba yàrá àgbàdo wọlé, mo ní 'ìrì òwúrọ̀'..."

Ìrẹ̀ fẹ́ pa ẹnu kọ̀ǹpútà náà dé, kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí.

"Ìrẹ̀," ni Màmá Òkété wí, ohùn rẹ̀ ò sì le rárá. "O gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. O ní o gbọ́."

"Màmá, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí ni."

Erin gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè kí Ìrẹ̀ lè rí i. "Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ pè. Alágẹmọ tí o ń wò níran yìí ló wá bá mi nílé. Ó ní òun ò lè gba ipò tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní bí mo ṣe ń jẹun lójoojúmọ́ tí nǹkan kan ò dàrú, iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Ìrẹ̀ ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fò, ó sì bọ́ sínú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Alágẹmọ lọ dúró sẹ́nu ihò náà, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ó ti tán nínú mi."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹranko igbó ò ti ní oko mọ́, nítorí ohun tí wọn ì bá fi gbìn ti bá ikùn Àáyá lọ. Láti ọjọ́ náà ni Alágẹmọ ti ń fi ojú kan wo iwájú, tó ń fi ìkejì wo ẹ̀yìn, nítorí òun nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ojú àti ẹ̀yìn ìkànnì. Bó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ báyìí, á kọ́kọ́ fi dán ilẹ̀ wò, kó má baà ṣìṣe.

Láti ọjọ́ náà sì ni ìrẹ̀ ti ń ké nínú ihò. Ẹ tẹ́tí sí i bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó gbọ́ ọ: "Èmi ni! Èmi ni! Èmi ni!" Ó ṣì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ òun. Ṣùgbọ́n ẹ dìde, kí ẹ rọra rìn lọ síbẹ̀, kí ẹ lọ wo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, á dákẹ́.