Ere Tí Ìjàpá Kò Fi Àmì Sí

Ẹ gbàlọ́ mi o!

A ti tẹ́ etí sílẹ̀, jẹ́ kó wọlé!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó yí bírí, kò bọ́ sórí Erin, kò bọ́ sórí Ẹfọ̀n. Ó lọ bọ́ sórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti sórí ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò fi àmì sí. Kí ló sọ ẹ̀yìn Ìjàpá di ilé-ilé, kí ló sì dé tí ó fi ń fa orí wọlé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án? Ẹni tó bá rò pé òun mọ̀ ọ́n, kó pa ẹnu mọ́ ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjàpá gba iṣu lọ́wọ́ àwọn ẹranko kéékèèké pé òun yóò fi ṣe eré orí fóònù fún wọn. Wọ́n kó iṣu wá. Iṣu tán. Eré kò dé.

Ní àkókò náà, fóònù ti dé ìlú àwọn ẹranko, tọmọdé tàgbà ló sì ń ṣeré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kìnnìún ló ni gbogbo eré tó wà nílùú. Bí ó bá jẹ́ ti eré sísá, Kìnnìún ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí ó bá jẹ́ ti ìjà, Kìnnìún ni yóò borí. Kódà bí ìwọ nìkan bá jókòó sí yàrá rẹ tí ò ń ṣe é, Kìnnìún ni yóò borí.

Òkété ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù. Òkété kò borí rí láyé rẹ̀. Kò borí nínú eré, kò borí nínú ìjà, bí òun àti aya rẹ̀ bá sì ń jiyàn, aya rẹ̀ ló ń borí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ni yóò máa wí. "Kí n ṣáà borí lẹ́ẹ̀kan péré, kí n sì kú."

Ìjàpá gbọ́. Ebi ló ń pa Ìjàpá lọ́jọ́ náà. Kò dáko lọ́dún yẹn. Ó ní ilẹ̀ le. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ó ní ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Ó wọ́ tọ Òkété lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán yinrin bí igbá tuntun, nítorí pé bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn, kò ní ìlà kankan.

"Òkété, ọmọ ìyá mi. Bí ẹnì kan bá ṣe eré kan tí kò sí Kìnnìún nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa ṣe é?"

"Ta lo rí níwájú rẹ?"

Òkété wò ó látòkè délẹ̀. Kò pẹ́ rárá, nítorí Ìjàpá kò ga. "Ìwọ?"

"Èmi ni. Eré tiwa-n-tiwa. Ọba kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ pebi. Bí ẹ̀yin kéékèèké bá lè dá iṣu díẹ̀ jọ fún mi..."

"Ta ni yóò jẹ́ akọni inú rẹ̀?"

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ẹnu sí i létí. "Ìwọ ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òkété sáré délé. Ó kó iṣu tó wà lábà. Nígbà tí ó rí i pé kò pọ̀ tó ti akọni, ó kó èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn mọ́ ọn.

Aya rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi, bí òjò bá rọ̀, kí la ó gbìn?"

"A ó gbin ayọ̀," ni Òkété dáhùn.

"Ayọ̀ ṣé é gún níyán?"

Òkété gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó jáde. Aya rẹ̀ tún ti borí nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣu ti lọ.

Ìjàpá kọ̀wé ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ìlú. Kí ó tó fi ránṣẹ́, ó fi han Yánníbo aya rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

*E da isu jo. Ti ojo ba ro, gbogbo yin yoo ri ere.*

Yánníbo kà á, ó tún un kà. "Baálé mi, ẹ kò fi àmì ohùn sí i. Ṣé eré tí à ń ṣe ni, àbí èrè tí à ń jẹ, àbí ère tí à ń gbẹ́?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Bí mo bá rí eré ṣe, mo fún wọn ní eré. Bí n kò bá rí i ṣe, n ó fi amọ̀ mọ ère kékeré kan, n ó gbé e jáde. Ta ló máa bá mi ṣẹjọ́? Ohun tí mo kọ ni wọ́n rí."

"Ìkẹrin rẹ̀ ńkọ́?"

"Èwo tún ni ìkẹrin?"

Yánníbo mi orí. "Kò sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ẹni tó kọ ọ́ kò lè mọ ẹni tó ń kà á."

Ìjàpá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ.

Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀yà ru tirẹ̀ wá. Ìjàpá fi ẹnu sí i létí: "Ìwọ ni akọni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ehoro gbé tirẹ̀ dé: "Ìwọ ni akọni. Má sọ." Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò lè gbé iṣu yí tirẹ̀ nílẹ̀ gbirigbiri láti ìsàlẹ̀ odò. Òun náà ni akọni.

A kò ní purọ́ mọ́ Ìjàpá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní tòótọ́. Ó ya ẹranko kékeré kan tí yóò máa fo kòtò nínú eré náà. Ẹranko náà jọ òun fúnra rẹ̀. Ó wá ní kí òun kọ́kọ́ lọ wo bí wọ́n ti ń fo kòtò. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó sáré díẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀, ó sì já sínú kòtò gbì, ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń na òfuurufú.

"Yánníbo o! Wá gbé ọ̀gá eléré!"

Nígbà tí aya rẹ̀ fà á jáde, Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò mí o. Èmi tí n kò lè fo kòtò ẹ̀yìnkùlé mi, èmi ni mo ní n ó kọ́ aráyé ní fífò!" Ó rẹ́rìn-ín títí ebi fi mú un. Ó sun iṣu kan. Ó jẹ ẹ́. Oorun gbé e lọ. Nígbà tí ó jí, ó rántí pé iṣu sísun yọrí dáadáa, àwòrán kò yọrí. Ó sì pinnu láti tẹra mọ́ èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Láti ọjọ́ náà, iyán ni láàárọ̀, iṣu sísun ni lọ́sàn-án, àsáró ni lálẹ́. Bí àwọn ẹranko bá béèrè, yóò kọ ọ́ sórí fóònù pé: "Ise n lo lowo." Bí wọ́n bá tún béèrè, yóò kọ ọ́ pé: "O ku die." Irọ́ kọ́. Iṣu tó wà lábà ló ń sọ.

Àwọn ẹranko fi sọ orin. Bí wọ́n bá ń lọ odò, Òkété a dá a, àwọn yòókù a gbè é:

Ìjàpá, eré wa dà?
*Ó kù díńtín.*
Iṣu wọlé, kò jáde mọ́.
*Ó kù díńtín.*
Akọni ń bẹ, ẹ má dárúkọ.
*Ó kù díńtín.*
Bójò bá rọ̀, a ó rí i o.
*Ó kù díńtín, ó kù díńtín.*

Bí wọ́n bá dé ibi akọni, olúkúlùkù a rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tí iṣu kù ẹyọ kan, Ìjàpá rántí ère. Ó bu amọ̀, ó mọ ère kan tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀, ó gbé e sí ìta kí ó gbẹ. Ọjọ́ náà ni òjò rọ̀. Kí Ìjàpá tó ta gìrì jáde, ère ti di ẹrẹ̀.

Ó dúró wò ó. "Ìjàpá ọlọ́gbọ́n," ni ó sọ fún ara rẹ̀. "O fi ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ṣe àdéhùn, o sì lọ fi amọ̀ ṣe ohun tí o ó gbé jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Àwọn ẹranko ti dé ojúde rẹ̀. Òkété ló wà níwájú. Ó ti fọ irunmú rẹ̀.

"Ẹ yà fún mi," ni ó wí. "Ó yẹ kí akọni wà nítòsí."

"Akọni wo?" ni Ọ̀yà bi í. "Èmi ni akọni."

"Ìwọ bíi báwo?" Ehoro fò sókè. "Èmi ló sọ fún! Ó ní kí n má sọ."

"Ó ní kí èmi náà má sọ," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Gbogbo wọn wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn wo Ìjàpá.

Ìjàpá wúkọ́. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀. Kí ni mo kọ síwèé? Mo ní ẹ ó rí ere. Ṣé mo fi àmì sí i?"

"O kò fi sí i."

"Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí koríko fi ń dún ṣìì, ṣìì, ṣìì. Òjòlá yọ. Ẹ̀yin ọmọdé, òjòlá ni ejò ńlá tí àwọn àgbà ń pè ní erè. Awọ ara rẹ̀ tuntun ni, ó ń dán gbinrin.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Erè wí.

Àwọn ẹranko yòókù sá sẹ́yìn ògiri. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí igi.

"Mo rí ìwé yín. Ó wà níbẹ̀ pé gbogbo yín yóò rí erè. Èmi náà nìyí." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, bí mo bá yọ, ẹranko a sá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí mi rí. Mo bọ́ awọ àtijọ́ sílẹ̀ nítorí yín. Mo jẹun kí n tó wá, kí n má baà dójú tì yín. Ta ló kọ ìwé dáadáa yìí?"

Gbogbo ọwọ́ nà sí Ìjàpá. Ohùn wọn kò tíì ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjàpá rántí ìkẹrin tí Yánníbo wí. Ó kọjú sí igbó, ó sáré. Òkété sọ lẹ́yìn náà pé eré kan ṣoṣo tí àwọn rí nínú gbogbo iṣu àwọn nìyẹn, kò sì yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àṣìkọ ni!"

"Má pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n," ni Erè wí pẹ̀lú ayọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ni ọ́!" Ó sì gbá a mọ́ra.

Ẹ mọ bí erè ti ń gbá ni mọ́ra. Ó wé e lẹ́ẹ̀kan, ó wé e lẹ́ẹ̀kejì, ó fún un pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ̀yìn Ìjàpá tó ń dán bí igbá dún kẹ́ẹ́. Ó tún dún kẹ́ẹ́. Ìlà sá gba ọ̀tún, ìlà sá gba òsì. Ìjàpá fa orí wọlé, ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé.

Nígbà tí ayọ̀ Erè rọlẹ̀, ó tú ara rẹ̀. "Bí ẹ bá tún fẹ́ rí mi, ẹ ṣáà kọ̀wé," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó sá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Wọ́n yẹ abà wò. Èèpo iṣu ló kù. Òkété jókòó ti Ìjàpá nínú ẹrẹ̀. Òjò ti rọ̀, kò ní èbù. Eré kò sí, kò borí. Ó mú ekùrọ́ kan jáde lápò kó fi pa ebi, ṣùgbọ́n ekùrọ́ yọ̀ bọ́ sẹ́yìn Ìjàpá. Ó yí díẹ̀, ó kó sínú ilé kan láàárín ìlà, ó dúró.

Òkété wò ó. Ó tún mú ekùrọ́ mìíràn.

Ohùn kan jáde láti inú. "Òkété, ṣé Erè ti lọ?"

"Ó ti lọ. Má mira."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ borí."

Ó pe àwọn yòókù. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ṣòfin: láti ìrù ni kí olúkúlùkù ti máa ju ekùrọ́ rẹ̀ láti ilé dé ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé ọrùn ló borí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ilé ẹlòmíràn ti jáde. Ariwo wọn kan Kìnnìún lára. Ó dé. "Eré kí ni ẹ̀ ń ṣe tí n kò sí níbẹ̀?" Ó mú ekùrọ́, ó na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo gbogbo ilé pátá.



"Kábíyèsí," ni Òkété wí, "ẹ ti jáde."

Kìnnìún wò yíká bóyá ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbọn ọwọ́, ó lọ. Òkété ju ekùrọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó bọ́ sí ilé ọrùn.

Ó dìde dúró. Kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, nítorí kò borí rí. Aya rẹ̀ ló bá a gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ti borí lẹ́ẹ̀kan," ni aya rẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ó kú báyìí?"

"Rárá o. Ẹ jẹ́ ká tún un ta."

Ìjàpá yọ orí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà ta á." Wọ́n gbà. Wọ́n fún un ní ekùrọ́. Ó na ọrùn sọ́tùn-ún, ó na ọrùn sósì, ó yí bìrìpó, kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ọ̀gá eléré! Eré mi ti jáde, èmi nìkan ni n kò lè rí i."

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi pín sí ilé-ilé títí dòní. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi ń fa orí wọlé bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rò pé àwọn tó fẹ́ ta ekùrọ́ ti dé, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má mira.

Ibi tí àlọ́ mi so kọ́ sí nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi wé mọ́ra bí erè. Bí n kò bá bù mọ́ ọn, kí eyín mi dún kẹ́ẹ́. Ẹ gbọ́ ọ: kẹ́ẹ́!

Òkété kò gbin iṣu lọ́dún náà, ekùrọ́ ni òun àti aya rẹ̀ jẹ. Ìjàpá kò tíì dá iṣu ẹnikẹ́ni padà. Eré orí fóònù náà kò tíì jáde.