Defáyánì, Ọmọọba Tó Ṣọ́ Ẹnu Odò fún Àwọn Júù

Ní ọdún tí Ọba Màrútán kó ọkọ̀ ogun bo ojú òkun, kò sí abiyamọ tó fọkàn balẹ̀ ní Kàdalúrù, ìlú kékeré kan ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà. Màrútán ti sọ àwọn ìlú tó wà lápá àríwá di eérú, ó ti kó ọmọ wọn lẹ́rú, Kàdalúrù ló kàn. Ẹnu odò tóóró kan ni ọ̀tá lè gbà wọ ìlú náà, àwọn Júù ló sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn baba wọn ti sá wá láti òkè òkun nígbà kan rí, ọba ayé ìgbà náà sì fún wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ààfin gan-an, ó búra fún wọn pé: “Ní ọjọ́ ìsinmi yín, ẹnikẹ́ni kò ní fi idà lé yín lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí.” Tafàtafà tí ọfà wọn kì í tàsé ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àdúrà nìkan ni iṣẹ́ wọn.

Màrútán gbọ́ ìbúra yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ẹtì, apẹja kan sáré wọ ààfin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: “Kábíyèsí, wọ́n ti dé ẹ̀yìn erékùṣù! Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wọlé!”

Ariwo sọ. Kúrúpù, olórí ogun, fò dìde. “Kábíyèsí, ẹ pàṣẹ fún àwọn Júù kí wọ́n jà lọ́la. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ wa.”

Náhámù, àgbà àwọn Júù, onírùngbọ̀n funfun, dá a lóhùn pẹ̀lẹ́: “Òfin wa kò ní ká jókòó ká máa wo ikú. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, a ó jà.”

Kí ọba arúgbó náà tó sọ̀rọ̀ ni Defáyánì dìde. Ọmọ arábìnrin ọba ni. Defáyánì abo ẹkùn, ọmọọba tó ń gun erin bí ẹni gun ẹṣin, arẹwà tí ogun kì í bà lẹ́rù. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí ẹ pẹ́. Ẹ̀yin ìjòyè, ta ló búra fún àwọn èèyàn yìí? Àwa ni! Ṣé ìgbà tí ìbúra bá rọrùn nìkan là ń mú un ṣẹ? Bàbá Náhámù, ẹ lọ gbàdúrà yín. Lọ́la, ìdílé ọba ni yóò ṣọ́ ẹnu odò.”

“Lọ, ọmọ mi,” ni ọba wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, Defáyánì ti kó àwọn èèyàn ààfin jọ, ọmọọba àti alásè, wọ́n so àwọn okùn èèpo àgbọn tó nípọn bí itan pọ̀, wọ́n rì wọ́n sísàlẹ̀ omi láti bèbè kan dé èkejì, wọ́n sì so orí okùn mọ́ àwọn erin ọba lára nínú igbó àgbọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi òkun kún, ọkọ̀ Màrútán sì ń bọ̀ tìlù-tìlù, wọ́n ń fi ẹnu odò tó dákẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wọlé tán. “Ó yá!” ni Defáyánì ké. Àwọn erin fà! Okùn yọ gbòò níwájú ọkọ̀, òmíràn yọ lẹ́yìn wọn; ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, òpó ìgbòkun wó lulẹ̀, ọkùnrin ń jábọ́ sómi bí èso tó pọ́n! Omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ sì gbá àwọn ọkọ̀ mú pinpin.

Ṣùgbọ́n Màrútán kì í ṣe ojo. Ó bẹ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú àwọn akọni rẹ̀, wọ́n ṣá erin kan balẹ̀, wọ́n sì ká Defáyánì mọ́ ìdí igi. Idà rẹ̀ kán. Ìgbà náà ni orin àdúrà dákẹ́ nínú ilé ìjọsìn àwọn Júù tó kọjú sí ẹnu odò. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, àwọn Júù tú jáde nínú aṣọ funfun ìsinmi wọn, Náhámù síwájú. Ọfà rẹ̀ ló wọ Màrútán láyà.

“Bàbá, mo ní kí ẹ sinmi!” ni Defáyánì wí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀.

“O pa ìbúra tìrẹ mọ́, ọmọ mi,” ni Náhámù dáhùn. “Òfin tiwa ni pé ẹ̀mí ni ká kọ́kọ́ gbà là.”

Nígbà tí Defáyánì gorí ìtẹ́, ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá jọba lẹ́yìn òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ẹnu odò ní ọjọ́ ìsinmi kan gbáko, kí adé tó kan orí rẹ̀. Lónìí, ìdílé náà kò jọba mọ́; ìjọba orílẹ̀-èdè Íńdíà ti gba ilẹ̀, ààfin ti di ilé lásán. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Júù ti padà sí ilẹ̀ baba wọn, ilé ìjọsìn sì wà ní títì. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá di olórí ìdílé Defáyánì, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹ ó rí i ní Sátidé kan létí omi, ó nàró, ó kẹ̀yìn sí ilé àdúrà tó ṣófo, ó dojú kọ òkun.